Ẹja tí Ọ̀gá Bárékè Kò Jẹ

Ruprecht àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ ní Kánádà lọ́hùn-ún. Gerlinde ẹ̀gbọ́n wa ti kúrò ní ọsibítù. Orúnkún tèmi ṣì ń dùn mí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. O mọ̀ pé láti ayé Bàbá ni ẹja adágún wa ti máa ń wà lórí tábìlì lọ́jọ́ àjọ̀dún ìbádọ́rẹ̀ẹ́ láàrin bárékè sójà àti abúlé wa. Lóṣù kẹta, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé pé kẹ́míkà tí àwọn sójà fi ń kọ́ iná pípa ti ṣàn wọnú adágún náà, ká má jẹ ẹja ibẹ̀ mọ́. Ọ̀gá bárékè gbé kéèkì wá kí mi. Ó ní, "Màmá Hedwig, ẹ má fòyà, ìwé lásán nìyẹn."

Nígbà tí àjọ̀dún dé, mo yan ẹja wa kan ṣoṣo, mo gbé e síwájú rẹ̀ lójú gbogbo abúlé. Mo ní, "Ọ̀gá, ti adágún wa nìyí. Ẹ jẹun."

Ó wo àwo náà títí, ó wá ní òun ti yó. Bẹ́ẹ̀, a ò tíì gbé oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni.

Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí àwọn ọmọ wá lúwẹ̀ẹ́ níbí lọ́dún yìí. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Omi adágún yẹn kan náà ló ń wọ kànga wa, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta sì ni mo ti ń mu ún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Hedwig