Sìgá Tí Mo Ń Bá Yín Tàn

Bàámi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣírí mi,

Mo ti jáwọ́ nínú sìgá. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Ìròyìn tí mo ní fún yín nìyẹn, mi ò sì mọ ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹni tí kò mọ̀ pé mò ń mu ún, báwo ló ṣe fẹ́ bá mi yọ̀ pé mo ti fi í sílẹ̀? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Màámi pàápàá kú láìmọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, kò sí ẹnì kan láyé yìí tó mọ̀ mí tán, ó sì máa ń dùn mí.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ máa ń jókòó sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa níbi tí a ń sá kòkó sí, ẹ ó na sìgá kan sí mi pé kí n lọ tàn án wá nídìí ààrò Màámi. Ẹ kì í fẹ́ fi ìṣáná ṣòfò. Bí mo bá kàn fi í kan ẹyín iná, á kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó sì dá mi padà. Ìgbà tí àlọ àti àbọ̀ yẹn sú mi, mo fi í sẹ́nu, mo fà á lẹ́ẹ̀kan nínú ilé ìdáná, mo tún fà á lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé ọwọ́ yín, iná rẹ̀ pupa yòò. Ẹ yìn mí, ẹ ní ọmọ yìí mọ iṣẹ́ ẹ́ jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Wọ́n ń rán àwọn ọmọ àdúgbò yòókù náà ní irú iṣẹ́ yẹn, àfi pé kò wọ̀ wọ́n lára bíi tèmi.

Mo dàgbà, mo lọ sílé ọkọ, mò ń mu ún ní kọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń mu sìgá nílùú wa, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Nígbà tí ilé ọkọ sì tú, tí mo kẹ́rù padà wá bá yín, ẹ̀yìn ahéré wa lóko Atosin lẹ ti ká mi mọ́ ọn. Ẹ wò mí, ẹ wúkọ́, ẹ kọjá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń yí kòkó lórí àpáta, ẹ fa páálí sìgá yọ, ẹ mú ọ̀kan, ẹ wá na páálí náà sí mi. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún mọ́kànlá la fi jọ jókòó síbẹ̀, tí à ń bú àwọn tó ń ra kòkó, tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èéfín tèmi ń gba imú jáde bíi ti lọ́rì àtijọ́. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá dún, ẹ ó já tèmi gbà, sìgá méjì á wà lọ́wọ́ yín. Àwọn èèyàn wá ń sọ kiri pé ọ̀rọ̀ sìgá bàbá yìí ti di wèrè, méjì-méjì ló ń mu ún. Ẹ gbà kí wọ́n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé yín, tí ẹ ò lè fà á mọ́, ẹ ní kí n ṣáà tàn án kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀, mo sì tàn án. Ṣé mo dá kún ikú yín ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé kí n dáwọ́ dúró, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ bí àyà yín ṣe ń hó? Àbí ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ ò ní rí ẹni bá yín jókòó mọ́? Èmi ni ẹ̀rù yẹn ń bà báyìí.

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ló lé mi kúrò nídìí ẹ̀. Dámilọ́lá ọmọ mi wálé láti Àkúrẹ́, ó ní kí n mú òun gun òkè, kí n fi ibi tí ilé àwọn baba ńlá wa wà han òun. Ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ni mo ti jókòó, èmi tí mo máa ń sáré ṣáájú yín níbẹ̀. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mò ń mí, ìró kan ń jáde láyà mi tí mo mọ̀ dáadáa. Èémí yín ni, Bàámi.

Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ti ń dàgbà o.”

Mo bá a rẹ́rìn-ín. A ò dé òkè.

Bó ṣe padà sí Àkúrẹ́ ni mo da sìgá mi sínú ṣáláńgá. Ìyà jẹ mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Orí ń fọ́ mi, mò ń jágbe mọ́ àwọn lébìrà oko lórí ohun tí kò tó nǹkan. Mo ní ibà ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà ibà fún mi, mo sì ń ṣe àmín.

Àmọ́ mo yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún yín. Láti ìgbà tí a ti sin yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta yẹn, ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni mò ń tan méjì, tèmi kan, tiyín kan. Mo máa ń ki tiyín bọ ibi tí símẹ́ǹtì ibojì ti sán, á máa jó fúnra rẹ̀ títí á fi tán. Mo fi tèmi sílẹ̀, mò ń bá tiyín lọ. Bẹ́ẹ̀ èèyàn ò lè tan sìgá láìfà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mò ń sọ fún ara mi, kó má baà kú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé mo ti mu tiyín dé ìdí. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá sunkún. Mo rò pé iṣẹ́ yín ni mò ń jẹ́, ara mi ni mò ń tàn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ẹ mọ Alhaja tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkọ́ríta wa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra sìgá lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo máa ń ní àwọn lébìrà ló rán mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó béèrè bóyá àwọn lébìrà mi ti lọ sílùú wọn ni. Mo ní wọ́n ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni méjì nínú wọn ń kọjá lọ lẹ́yìn mi, wọ́n ru àpò kòkó, wọ́n tún kí wa.

Lónìí, mo ra ọṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo délé, mo bá orógbó mẹ́rin nínú ọ̀rá tí mi ò rà. Mo dá a padà fún un. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹ lọ fún lébìrà yẹn,” ló wí. “Tó bá ti ń ṣe é bíi kó mu ún, kó máa jẹ ẹ́. Bí ọkọ mi náà ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.”

Mo bá lébìrà dúpẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó ti mọ̀. Mo sunkún dé ilé, Bàámi, omijé yẹn ò sì korò.

Orí àpáta ni mo wà tí mò ń kọ èyí, mò ń jẹ orógbó. Láàárọ̀ yìí mo po símẹ́ǹtì díẹ̀, mo dí ibi tó sán lára ibojì yín. Ẹ má bínú. Ẹ má rán mi lọ tàn án wá mọ́. Ṣùgbọ́n màá ṣì máa wá ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi ṣófo ni màá máa gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi kí n jókòó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó mọ iṣẹ́ ẹ́ jẹ́, tó kọ̀ láti jẹ́ ẹyọ kan yìí.