Bẹ́ẹ̀dì Tó Ṣáájú Ilé

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Irọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Màámi kò kọ̀ láti wá bá wa gbé. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ara wa le. Ikọ́ ìyàwó mi ti lọ.

Ilé tí a fẹ́ rà ló bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Onílé ti fara mọ́ iye tí a fẹ́ san, ó ku kí báńkì fọwọ́ sí owó tí wọ́n máa yá wa. Wọ́n kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ jẹ gbèsè tuntun kí wọ́n tó parí ètò náà. Èmi olórí kunkun lọ ra bẹ́ẹ̀dì Màámi ní àwìn. Ìyàwó mi ní, "Ọ̀gbẹ́ni Alágídí, ilé wo lẹ fẹ́ gbé e sí?" N kò gbọ́. Báńkì rí gbèsè náà, wọ́n ní kí a tún bẹ̀rẹ̀. Onílé kò dúró. Ó tà á fún ẹlòmíràn. Pálọ̀ ilé kékeré tí a háyà ni bẹ́ẹ̀dì náà wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ń rá gbà kọjá.

Màámi ti di ẹrù, ó ti dágbére fún àdúgbò. Nígbà tí mo sọ fún un, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó kàn tú ẹrù rẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Èmi ni mo ní n kò lọ mọ́. Ta ló fẹ́ máa gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe ń hanrun?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó bá ń bú Màámi. Ọlọ́run á jẹ́ kí a gbà yín lálejò nínú ilé tiwa. Ènìyàn mẹ́ta ló ṣàánú mi. Ìyàwó mi kò sọ pé ṣebí òun wí. Ọ̀gá mi mẹkáníìkì ní òun á tún ṣe onígbọ̀wọ́ wa ní báńkì. Ẹnì kẹta ni Màámi, tó fi orúkọ ara rẹ̀ bo ìtìjú mi.

Èmi àbúrò yín,
Alágídí