Òjò Àkọ́kọ́ àti Ọwọ́ Ràímì Panápaná

Bàbá mi àti Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìrètí ọmọ tó jìnnà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti orí iyanrìn Sókótó níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀. Mo kí Bàbá Àgbà, tí mo gbọ́ pé ojú ń dùn wọ́n. Mo kí gbogbo agbo ilé wa láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Èmi Adéoyè ni mo fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Mo ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ọkùnrin mọ́kànlá, ọmọ Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ panápaná ní ìlú yìí. Àwọn kan nínú wọn ti gba owó iṣẹ́ náà rí, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Àwọn yòókù kò gba nǹkan kan rí. Wọ́n kàn yọ̀ǹda ara wọn ni. Mẹ́wàá nínú wọn ti tẹ àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ẹnì kọkànlá kò lè tẹ̀ ẹ́, nítorí rẹ̀ gan-an ni mo sì ṣe kọ ọ́.

Ràímì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ga, ó sì máa ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Òun ló gbé àpótí mi kúrò nínú lọ́rì ní ọjọ́ tí mo dé síbí láti wá ṣe olùkọ́, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè yunifásítì. Ìwé ló kún inú àpótí náà. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó bẹ̀ mí pé kí n yára kó gbogbo rẹ̀ sórí kí n tó padà sílé, kí n sì fi àpótí sílẹ̀ níbí, nítorí ẹ̀yìn òun kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́, èmi náà sì máa ń bá wọn sáré lọ sídìí iná.

Ìyá mi, ẹ bèèrè lọ́jọ́sí pé irú iṣẹ́ wo ni iṣẹ́ panápaná tí mo ń dárúkọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé síbí, koríko orí òrùlé àti ẹní koríko tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ká a máa gbẹ títí yóò fi máa dún bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án. Ìgbà náà ni ọ́fíìsì tó ń ṣe àkóso iná pípa máa ń wá ènìyàn kún ènìyàn. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ọdún kò pọ̀. Àwọn ló ń wa ọkọ̀ panápaná. Kí ènìyàn tó lè di ọ̀kan nínú wọn, ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta láìlẹ́bi. Kí wọ́n tó gbà á fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti rí i nídìí iná, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ṣe wọlé nìyẹn. Bí igbe Hausa bá ti dún pé "Gobara!", pé iná ti ṣẹ́, wọ́n á fi ọjà wọn sílẹ̀, wọ́n á sáré tẹ̀lé èéfín, wọ́n á sì máa retí pé akọ̀wé ọ́fíìsì yóò rí ojú wọn níbẹ̀, yóò sì rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá gbé tábìlì sábẹ́ igi dóńgóyárò láti gba ènìyàn.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe omi dídà nìkan, nítorí omi kànga ibí kò tó iná í pa. Ilé tí iná kò tíì dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ. Wọ́n á fi ìkọ́ onírin gígùn fa òrùlé rẹ̀ lulẹ̀, kí iná má baà rí ibi gbà kọjá. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe tí ẹni tó ń gbà là ń bú u. Bàbá arúgbó kan ní ọ̀nà Kasarawa di ẹsẹ̀ Ràímì mú lórí àkàbà. Ó ní haba, Bàyárábe, ìwọ ọmọ Yorùbá yìí, iná gan-an ṣì wà lọ́nà, ìwọ ti dé ṣáájú rẹ̀. Ràímì fi Hausa bi í pé ṣé òun kò kí Bàbá kí òun tó gòkè ni? Ó ní kí Bàbá dúró kó wò ó bóyá iná yóò kí i. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín tòun ti omijé lójú, ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó fi igbá fúrá, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà, ránṣẹ́ sí Ràímì.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta Ràímì. Àwọn ọ̀gá ti ṣèlérí fún un pé bó bá parí rẹ̀ láìlẹ́bi, iṣẹ́ títí ọdún ti di tirẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ní Ìlọrin pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ́fíìsì náà ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti parí. Agolo kan wà ní àgbàlá wọn. Ọjọ́ tí òjò bá kọ́kọ́ bo ìsàlẹ̀ agolo náà, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kálukú á dá akoto, ìkọ́ àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. Lọ́dún yìí, òjò kan rọ̀ kí àkókò rẹ̀ tó tó. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹun. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé òjò ẹ̀tàn ni. Àwọn àgbẹ̀ Arkilla kò gbin ẹyọ jéró kan sí i. Ṣùgbọ́n omi wà nínú agolo. Akọ̀wé fi hàn wá. Ó dà á sílẹ̀ níwájú wa, iyanrìn sì ti fà á mu tán kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó kó àwọn ìkọ́ àti ìbọ̀wọ́ wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì wọ́n, ó sì kí àwọn ọkùnrin náà kú iṣẹ́.

Oòrùn tún ràn lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Ibí yìí ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi, abẹ́ igi iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ẹ ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí ẹ ti ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà wọn. Mo rántí pé kí ẹ tó ki kálámù bọ tádàwà, ẹ máa ń bi wọ́n pé ní ọjọ́ tí ìjà bá dé, ta ni yóò ka ìwé yìí, kí ni yóò sì fi ṣe? Mo máa ń rò nígbà náà pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò.

Ọ́fíìsì sọ fún wa pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán kò gbọdọ̀ dé ìdí iná mọ́, àfi bó bá fi ìwé hàn pé ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni. Mo ní kò burú, èmi yóò kọ ìwé náà. Mo kọ ọ́ ní èdè òyìnbó tó gún régé. Mo kọ pé àwọn ọkùnrin mọ́kànlá yìí fi ọwọ́ wọn fún ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, láti inú ìfẹ́, àti pé wọn kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni fún ohunkóhun, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ràímì bèèrè pé ṣé oúnjẹ wà lára ohunkóhun yẹn, nítorí bó bá wà lára rẹ̀, kí n jẹ́ kí òun jẹun kí òun tó tẹ̀ ẹ́. A rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ tẹ àtàǹpàkò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, iná ààrò ran ọgbà koríko ní àdúgbò Mabera. A sáré débẹ̀ ṣáájú ọkọ̀ panápaná, ṣùgbọ́n ìkọ́ àti ìbọ̀wọ́ ṣì wà lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́. Ìyá arúgbó kan wà nínú yàrá kan, kò lè rìn, iná sì ti mú etí òrùlé. Ràímì gun ògiri. Ó fi ọwọ́ lásán fa koríko tó ń jó náà ya, ó ń jù ú sẹ́yìn, ìdì lẹ́yìn ìdì, títí òrùlé fi ṣí. A gbé ìyá náà jáde lórí ẹní, láàyè. Nígbà tí mo wá Ràímì rí, ó jókòó ti ògiri, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n bu omi fún òun láti wẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá akọ̀wé rí òun.

Akọ̀wé rí i. Ó wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ kí i pé "Sannu da aiki", ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní iṣẹ́ wo? Ó ní iṣẹ́ Ràímì ti parí ní ọjọ́ òjò. Ó mú ìwé tí mo kọ jáde, ó kà á fún mi jẹ́jẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì yin èdè òyìnbó inú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ní ìwé láti kọ sí ọ̀gá òun, èmi ni òun yóò wá bá. Lẹ́yìn náà ó ní "Sai haƙuri", pé sùúrù ló kù. Láti ìgbà náà, iye ìgbà yòówù kí n lọ, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni mo ń bá bọ̀. Ó ní iṣẹ́ títí ọdún ń fẹ́ ọwọ́ méjì tó dá ṣáká. Ó ní bí Ràímì bá fẹ́ bèèrè ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ ni kó tẹ ìka sí fọ́ọ̀mù.

A dúró títí wọ́n fi tú aṣọ ọgbẹ́ kúrò lára ọwọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwọn ìka kò ṣeé nà mọ́. Awọ àtàǹpàkò rẹ̀ ń dán bí àbẹ́là, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ bọ tádàwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù, àbàwọ́n dúdú róbótó kan ló jáde. Ó wò ó títí. Kò fi ṣe ẹ̀sín; mo rò pé àánú ṣe é. Ó ní òun kò lè gba èyí, pé kì í ṣe àmì ènìyàn kankan. Ràímì ní kó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ènìyàn yóò jáde. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Yàrá mi ni Ràímì ń gbé báyìí. Èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun ti di ọba, pé ẹni tó gba oyè yunifásítì ló ń gé òkèlè fún òun. Lẹ́yìn náà ó máa ń yí ojú sí ògiri. Àwáwù ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ lọ́rì pé ṣé kí òun máa bọ̀, tàbí kí òun tú ẹrù. Ràímì kò tíì fèsì. Òjò gidi ti dé wàyí. Ó ń rọ̀ lójoojúmọ́, koríko ti tutù, kò sì sí ẹni tó tún ń rántí iná ní ìlú yìí. Mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìwé ni ààbò aláìlágbára. 

Bàbá mi, mo mọ̀ pé ẹ ò ní bú mi, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sétí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí wọ́n bá wa fi ohùn kún un. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà kò pọ̀. A fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ni Ràímì wà ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ jóná, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ bí òṣìṣẹ́. A fẹ́ kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, ìbáà jẹ́ ìṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibùdó. Ojú rẹ̀ ṣì ríran, ohùn rẹ̀ sì le tó láti ké gobara. Kí wọ́n má fi agolo ka ẹ̀ẹ̀rùn mọ́. Kí wọ́n dúró di ìgbà tí koríko bá hù. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ rí ìkọ́ àti ìbọ̀wọ́ gbà bí ẹni tó ń gba owó. Ní ti ìwé tí mo kọ, kí wọ́n fà á ya, tàbí kí wọ́n dá a padà fún mi.

Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkórè jéró ni akọ̀wé yóò tún gbé tábìlì sábẹ́ dóńgóyárò. A fẹ́ ìdáhùn kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Bí kò bá dé, kò sí ẹnìkan nínú wa tí yóò dúró níwájú tábìlì náà.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òbí mi ni yín, n kò sì lè purọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ọ́fíìsì náà yóò ka ibí yìí. Bí igbe gobara bá tún dún, a ó lọ. Mo bi àwọn mẹ́wàá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó sọ pé òun yóò jókòó. Ràímì ní kí n má tilẹ̀ bi òun. Nítorí náà, a kò ní ohun kan tí a lè fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo bi ara mi ní ìbéèrè yín kí n tó kọ lẹ́tà yìí, Bàbá. Mi ò mọ ẹni tí yóò kà á, mi ò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún mi. Kí iná má jó wa nílé, kó má jó wa lájò. Ẹ bá mi kí àwọn tó ń jókòó lábẹ́ igi yín, àti gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi. Ràímì ní kí n kí yín. Ó ní kí Ìyá mi má bínú pé òun ń jẹ oúnjẹ ọmọ wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéoyè, fún àwọn mọ́kànlá.

Àtàǹpàkò mẹ́wàá ló wà nísàlẹ̀ ibí. Àyè tó ṣófo ní ìparí, ti Ràímì ni. Mo bẹ ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn yìí, kó má ṣe dí i.