Ẹ Dá Lọ́yà Yẹn Dúró

Bọ̀dá Olúgbémiga, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ibà Sharon ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá lọ́yà tí ẹ gbà fún wa yẹn dúró. Lóòótọ́ awakọ̀ ló jẹ̀bi: ó fi mọ́tò gbá bàbá Sharon lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, itan wọn sì dá. Ṣùgbọ́n nínú ogun Warri yìí, ta ló ń bèèrè ẹni tó jẹ̀bi? "Which tribe you be?" làwọn ọmọ àdúgbò ń bi awakọ̀ náà. Wọ́n ti fi àdá ṣá a léjìká kí ọkọ mi tó kígbe láti ilẹ̀ tí wọ́n ṣubú sí pé, "Na my in-law! Leave am!"

Irọ́ ni. Bí a bá pè é lẹ́jọ́, àṣírí á tú. Wọ́n á pa á, wọ́n á sun wá mọ́lé. Itan á jinná. Orí tí wọ́n bá bẹ́ kì í hù.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ máa rántí àna wa tuntun nínú àdúrà.

Àbúrò yín,
Ànúolúwapọ̀