Àwọn Tó Fara Ti Mubaraq

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.

Àlàmú ọmọ mi,

Asalaamu alaikun. Ṣé o jí dáadáa, ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́fun, ṣé ò ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò ní Ọ̀yọ́ lọ sí Èkó kò ní fi ọ́ lé Èkó lọ́wọ́. Àwa náà wà, à ń dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, páànù ẹ̀yìnkùlé ti ṣí, ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí o wá ṣe Iléyá, mo bi ọ́ pé kí gan-an ni wọ́n ń sanwó fún ọ láti ṣe ní báńkì, nígbà tí kì í ṣe owó lò ń kà. O mú èédú, o ya àpótí-àpótí sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, o ní gbogbo ohun tí báńkì ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lẹ̀ ń kọ sínú ìwé kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, èyí tó ń gbé POS, gbogbo ẹ̀, ẹ ó wá fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sọ́dọ̀ èyí tó fara tì, kí ẹ lè mọ̀ pé bí eléyìí bá ṣubú, àwọn wo ni yóò bá a ṣubú. O fi àpótí kan hàn mí tí ìlà pọ̀ lára rẹ̀, o ní sẹ́fà ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún mẹ́rin, ara rẹ̀ ti ń gbóná, ṣùgbọ́n ẹ kò lè pa á kí ẹ tún un ṣe, torí àwọn tó fara tì í ti pọ̀ jù. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Èmi rò pé èèyàn ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dárúkọ rẹ̀ nídìí ìrun àsùbá, pé kí Ọlọ́run ṣàánú Sẹ́fà, kó sì tu ìyá rẹ̀ nínú níbikíbi tó bá wà.

Oṣù tó kọjá, Hafeez tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wálé wá sin bàbá rẹ̀ àgbà, mo sì béèrè àlàáfíà Sẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ni. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ìwọ lo ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ, pé dókítà ní nǹkan kan ń hù lára kíndìnrín rẹ, kí o wá dùbúlẹ̀ kí wọ́n gé e kúrò kó tó tàn kálẹ̀, kí o sì sinmi oṣù méjì. Ó ní o dá dókítà lóhùn pé kò sí àyè, ta ni yóò máa bọ́ ará ilé. Mubaraq, o sọ fún mi lórí fóònù pé òtútù lásán ni! Inú bí mi sí ọ, mo sì sunkún.

Ni mo bá mú èédú. Mo yà ọ́ sáàárín ògiri, mo sì ń fa ìlà. Zulaikha àbúrò rẹ fara ti yàrá tó gbà ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá fara tì ọ́, owó iléèwé rẹ̀ fara tì ọ́. Bàbá Mashood, àbúrò bàbá rẹ, fara ti kẹ̀kẹ́ tí o rà fún wọn, kẹ̀kẹ́ fara ti epo àti mẹkáníìkì, mẹkáníìkì fara tì ọ́. Ojú mi fara ti oògùn tí mò ń kán sí i, oògùn fara tì ọ́. Kódà ewúrẹ́ tó kú yẹn, ìwọ lo sanwó dókítà ẹran. Mo wá ìlà kan ṣoṣo tó ti ọ̀dọ̀ rẹ kúrò lọ fara ti ẹlòmíràn, mo wá a títí, n kò rí i.

Hafeez ṣàlàyé fún mi pé bí ẹ bá fẹ́ pa ẹ̀rọ, ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó fara tì í lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbé wọn síbòmíràn, wọn ó sì fọwọ́ sí i. Mo ti ṣe é. Zulaikha ti gba àyè ọdún kan lọ́wọ́ iléèwé, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń dirun fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sunkún kó tó fọwọ́ sí i. Bàbá Mashood jágbe mọ́ mi pé irú obìnrin wo ló ń fi èédú yọ àgbàlagbà kúrò lẹ́nu oúnjẹ, pé àwọn ló mú ọ lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n bú mi tán, mo wá sọ ohun tó wà lára kíndìnrín rẹ fún wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ta kẹ̀kẹ́ náà, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ Hafeez fún ọ. Èmi náà ti dá oògùn ojú dúró. Ojú ọ̀tún kò ríran mọ́, tòsì ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, má bínú bí ọwọ́ ìwé mi bá wọ́.

Ní báyìí, kò sẹ́ni tó fara tì ọ́ mọ́. Má fowó oúnjẹ ránṣẹ́. Lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n tọ́jú rẹ.

Owó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Mo bi Hafeez pé tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ta ló ń dúró tì í títí yóò fi jí. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sùn. Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, Ọ̀yọ́ sí Èkó, àlọ nìkan. Ti àbọ̀, ọwọ́ ara rẹ lo máa fi fún mi nígbà tí o bá dìde.

Ọlọ́run tí gbogbo wa fara tì, tí Òun kò fara ti ẹnikẹ́ni, yóò dì ọ́ mú. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Marufat.