Ìdajì Kíjìpá Tó Kù

Ojúlé Kẹrìndínlógún,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Kakuri,
Kaduna.
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kìn-ín-ní, 1982.

Ìyá Matthias, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé o ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìdi ògiri mú? Matthias àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú ètè tó ń là. Ọyẹ́ Kaduna ti sọ gbogbo wa di funfun bí ẹni tó bọ́ sínú àpò èlùbọ́. Ara èmi le, mo dúpẹ́. Fọlábí ọmọ mi ní kí n kí ọ, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Kí Matthias tó ń kà á fún ọ tó béèrè, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti wọ kíláàsì kẹta ní ẹ̀kọ́ àgbà tí à ń ṣe lẹ́yìn ìsìn. Tíṣà wa, Emmanuel, ní ìkọ̀wé mi dára, ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ gbé bírò kúrò lórí bébà. Mo ní ahunṣọ ni mí, òwú kì í já lọ́wọ́ mi. Matthias, rọra máa kà á.

Ọ̀rẹ́ mi, ìdí tí mo fi kọ̀wé ni kíjìpá aláró tí o hun fún mi nígbà tí mo ń bá ọkọ mi bọ̀ ní Kaduna. Mo ti tú ìdajì rẹ̀. Má tíì bínú, jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

Ṣé o rántí ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ, níbi tí òfì gbé fara ti ògiri, tí àwa méjèèjì ń jókòó lórí àpótí, tí èjìká wa ń kan ara wọn? Ìwọ a máa fi apasà gbá òwú wọlé bí ẹni tó ń bá a jà. Èmi a máa rọra gbá tèmi, ìyá rẹ a sì ní ẹni tó bá ró aṣọ Àìná, afẹ́fẹ́ yóò mọ gbogbo àṣírí rẹ̀. Òórùn aró yẹn kò kúrò nímú mi. Ìgbàkígbà tí mo bá ṣí àpótí aṣọ mi, tí mo gbé kíjìpá yẹn sí imú, mo ti dé Kabba nìyẹn, láìwọ ọkọ̀. O sì mọ ohun tí a jọ sọ: èyí tí o hun fún mi ni wọn yóò fi sin mí, èyí tí mo hun fún ọ ni wọn yóò fi sin ọ́.

Wàyí o, ó kan Olúyẹ́misí, ọmọ Fọlábí, èyí tó jọ mí lẹ́sẹ̀ àti lẹ́nu. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri níbí sì gbà á láti máa ya àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sí àǹkárá. Ẹ̀rọ ló ń hun aṣọ lọ́hùn-ún, ariwo rẹ̀ la fi ń jí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá ti dé ilé, òfì ọlọ́wọ́ ló ń lọ bá. Èmi ni mo júwe rẹ̀ fún káfíńtà tó kàn án. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ dídún apasà lẹ́yìn ilé, ẹ̀wà ni mo ń ṣà. N kò mọ ìgbà tí omi ojú mi kán sínú rẹ̀.

Aṣọ tó ń hun kì í ṣe aṣọ tí ẹnikẹ́ni yóò ró. Mo bi í pé ta ni yóò wá lò ó. Ó ní, “Ògiri ni, Kaka.” Kaka ni àwọn Hausa ń pe ìyá àgbà, ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Mo ní, “Òtútù ń mú ògiri ni?” Ó rẹ́rìn-ín títí apasà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tó yá ló ṣàlàyé èyí tó ń hun lọ́wọ́. Ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ó ní ibi tí òun hun pọ̀ yẹn ni ilé àti àwọn tó kù sílé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi òwú sílẹ̀ láìhun, wajawaja gígùn, ó di òmíràn ní kókó, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí òmíràn. Ó ní àwa tí a kúrò nílé nìyẹn: à ń fì, ṣùgbọ́n a kò já. Ìyá Matthias, n kò mọ̀ pé ọmọ yẹn ń gbọ́ gbogbo ìtàn tí mo ń sọ fún un nígbà tó wà ní kékeré. Àwọn tó ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà ní ìgboro rí i, wọ́n ní kó gbé e wá ní Sátidé. Ẹnikẹ́ni kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fọ aṣọ náà, ó sá a, ó bá iṣẹ́ lọ. Èmi wà ní ìpàdé àwọn ìyá. Ni ìjì eruku bá dìde. Wosilat tó ń gbé ilé kejì, ọmọ Ọ̀fà, sáré bá wa kó aṣọ. Ó yẹ kí o mọ iṣẹ́ Wosilat. Ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, tábìlì ìparí ni wọ́n fi í sí. Òwú tó bá yọ létí aṣọ, òun ló ń fi àlùmọ́gàjí gé e. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, wọn á dá aṣọ náà padà, wọn á sì fi ẹnu nà án. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Ó rí aṣọ Yẹ́misí, àánú ọmọ náà sì ṣe é, pé báwo ni yóò ṣe gbé aṣọ tí òwú kún etí rẹ̀ báyìí lọ síwájú àwọn ọ̀gá. Ó jókòó, ó gé gbogbo wajawaja náà mọ́ tónítóní bí orí tí wọ́n fá. Nígbà tó rántí ìdáná rẹ̀, ó fi àwọn òwú tó gé koná.

Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ fún wa. “Yẹ́misí, mo ti bá ẹ tún un ṣe o. Wàláì, wọn ì bá dá a padà fún ẹ.”

Yẹ́misí wo aṣọ náà. Ó ní, “Ba kome,” ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan, ó sì wọ yàrá lọ. Èmi ni mo wá sọ fún Wosilat ohun tó gé. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, “Ìyá, ọwọ́ mi ló ṣe é, ojú mi ò wò ó.”

A wá òwú. Ti ilé-iṣẹ́ ń yọ̀, kókó kò dúró lára rẹ̀, ó sì fúyẹ́ bí irun àgbàdo. Funfun nìkan ni ti ọjà, kò sì sí àyè à ń rẹ ẹ́ láró mọ́. Yẹ́misí ní òun yóò ránṣẹ́ pé òun kò wá mọ́. Ìgbà náà ni mo dìde lọ ṣí àpótí mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Nígbà tí ọmọ náà rí ohun tí mo gbé lọ́wọ́, ó ní, “Kaka, kì í ṣe ìyẹn.” Ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án. Mo ní ẹni tó bá ń lọ sílé kì í wọn aṣọ rẹ̀ wò. Mo bá kọjú sí Wosilat pé kó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ wá. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gé tó.” Mo ní ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni yóò gé e.

Ó gé etí rẹ̀ díẹ̀, mo fà á, òwú ìdábùú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀rẹ́ mi, ó ṣì ká kólokòlo bó ṣe wà nínú aṣọ, kò fẹ́ nà. Níbi tí oòrùn kò dé, aró rẹ̀ dúdú bí ọjọ́ tí o gbé e jáde nínú ìkòkò. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó tì í. Ọwọ́ mi rántí kókó ìyá rẹ, èyí tí à ń lọ́ sí òsì kí a tó dì í. Yẹ́misí fi tirẹ̀ kún un. Wosilat ló ń mú kí gígùn wọn dọ́gba, ojú rẹ̀ kò ṣìnà rí. Mo sọ fún wọn nípa ọjọ́ tí o ṣubú sínú ìkòkò aró, tí o fi apá dúdú lọ ṣe ìrìbọmi. Wosilat rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Lánàá ni a gbé e lọ. Obìnrin kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa wajawaja náà lára, ó béèrè pé níbo ni Yẹ́misí ti rí irú òwú yìí. Ọmọ náà sọ fún un. Wọ́n kọ ọ́ sínú bébà kékeré, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ pọ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo rọra kà á títí mo fi dé ibì kan: Veronica, Kabba. Mo tún un kà. Èmi tí n kò mọ A tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ ni mo kà lára ògiri yẹn. Wọ́n sì ti ní aṣọ náà ń lọ sí Èkó lẹ́yìn Àjíǹde. Ìwọ tí o kò kọjá Lọ́kọ́ja rí, òwú rẹ ń lọ sí Èkó.

Ìdajì kíjìpá ló kù. Òwú òòró ìdajì kejì ṣì wà lára rẹ̀, ó ń fì láìhun. Yẹ́misí ti ta á pa dà sórí òfì, ó fẹ́ fi òwú ilé-iṣẹ́ hun ún parí fún mi. Mo ní kí ó dúró. N kò fẹ́ kí ọwọ́ mìíràn parí ohun tí ọwọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣì ní òwú aró, má fi rán dírẹ́bà kankan. Jẹ́ kí Matthias mú ọ wá nígbà tí ọyẹ́ bá lọ. Èèyàn laṣọ. Mo ti gbé àpótí kejì síwájú òfì náà, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Bá mi kí gbogbo ilé àti ìyá ìjọ wa. Wosilat ní kí n bẹ̀ ọ́, mo ní o kò bínú.

Èmi ni tìrẹ, tí kò tíì já,

Àìná,
Ìyá Fọlábí.