Ẹni tí ó ń Dí Ihò Ọkọ̀ Àtijọ́: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ẹniolúwa Jọọlá (1984–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, ọdún 1984, ni a bí Olóògbé Ẹniolúwa Jọọlá ní Zion Pepe, ní etí òkun. Àkọ́bí Olóògbé Pa Sunday Jọọlá, ẹni tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, àti Màmá Moríkẹ́, tí ń yan ẹja tà, ni. Òkun ti gbé ilé tí wọ́n bí i sí lọ. Ọkọ̀ ni a ń wà kọjá níbẹ̀ báyìí.

Ó ka ìwé mẹ́fà ní ilé ìwé ìjọ, ó ka gírámà ní Igbókòdá, ó sì gboyè nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọdún 2008. Ní 2011, ó gbé Rejoice níyàwó. Díákónì ni nínú ìjọ. Òun ni ó ń tún ẹ̀rọ agbóhùnsókè ibẹ̀ ṣe.

Ní 2014, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ káàkiri ayé, tí ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí, bẹ̀rẹ̀ ètò orí fóònù kan tí ń kìlọ̀ ìjì fún apẹja. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó sì bá wọn tún un ṣe. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun ètò náà jáde ní 2019, fóònù àtijọ́ ọwọ́ àwọn ará odò kò lè gbé e. Olóògbé bá fi ara rẹ̀ jin ẹ̀dà àtijọ́. Bí wọ́n bá tún àṣìṣe kan ṣe nínú tuntun, yóò yọ àtúnṣe náà nìkan, yóò gé e bá ti àtijọ́ mu, yóò dán an wò lórí fóònù Godspower àbúrò rẹ̀, kí ó tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Kingsley, tí wọ́n jọ ń ṣe é láti Warri, a máa pè é ní Bàbá Alákìísà. Ọ̀rọ̀ Pa Jọọlá ni ó fi ń dá a lóhùn: “Ihò ni wọ́n ní ká dí, wọn ò ní ká gbẹ́ ọkọ̀ tuntun.”

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, wọ́n rí àṣìṣe tí ń mú kí ìkìlọ̀ ìjì pẹ́ dé. Wọ́n tún ti inú tuntun ṣe. Àìsàn kíndìnrín ti dá olóògbé wó nígbà náà, síbẹ̀ orí ibùsùn ni ó ti ń mú àtúnṣe náà wọ inú àtijọ́. Nígbà tí ó dán an wò, fóònù Godspower ń ké ìjì, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Kingsley bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ìkìlọ̀ asán sàn ju èyí tí ó pẹ́ lọ. Ó kọ̀.

“Tó bá ké lásán lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ fún mi di ọjọ́ Ajé.”

Ọjọ́ Àìkú ni ó dákẹ́.

Kingsley ti gbìyànjú láti ìgbà náà. Kò rí ibi tí olóògbé bá a dé. Kò sí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀dà àtijọ́.

Ó fi Màmá sílẹ̀, àti Rejoice, àti ọmọ mẹ́ta: Dùnníolúwa, Beauty àti Ayọ̀mikún. Kò rí ọmọ-ọmọ. Ó fi Godspower sílẹ̀ pẹ̀lú, tí ó ṣì ń mú fóònù yẹn lọ sí òkun, tí ó ní òun kò ní ju iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun nù.

Ẹ̀yin apẹja àti awakọ̀ tí ẹ bá wa pé lónìí, ìdílé bẹ̀ yín: ẹ má gbọ́kàn lé ìkìlọ̀ inú ẹ̀dà àtijọ́ mọ́. Ojú ọ̀run ni kí ẹ máa wò. Ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀dà náà fún yín ti lọ.

Ẹniolúwa, dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ní èbúté tí ìjì kò dé. Kí Ẹni tí ó bá òkun wí máa ṣọ́ àwa tí ó kù lórí omi.